Ìrẹsì Ọjọ́ Dẹ́kìn

Ilẹ̀kùn yàrá tí Khàdíjàt àti ìkókó rẹ̀ ń sùn sí tún há láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fọláyọ̀ ò tíì sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀ lórí tó fi gbọ́ ìró ìfági. Àlàmú káfíńtà ti yọ ilẹ̀kùn náà, ó tẹ́ ẹ lé orí búlọ́ọ̀kù méjì lágbàlá, ó ń fá orí rẹ̀, èérún pákó sì ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Àlàmú, ṣebí o fá ilẹ̀kùn yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Mo fá a, mà. Mo tún fá a lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa fá a lọ. Wọ́n ti sanwó."

Ọ̀gá tó ń wí ni Job, ọkọ Fọláyọ̀. Job fẹ́ràn kí wọ́n máa ròyìn òun pé òun mọ aládùúgbò ṣe. Ilẹ̀kùn ìyá ìsàlẹ̀ há, òun ló pe káfíńtà. Ó tún há, ó tún pè é. Kò sí ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó mú kí ilẹ̀kùn tó ti ń pa dé wọ́ọ́rọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún ṣàdédé ga ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ilé náà kì í ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ló kọ́ ọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, láyé ìgbà tí fèrè ilé iṣẹ́ ń jí gbogbo èèyàn láti Ìkẹjà dé Agége. Fúláàtì méjì péré ló ní, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá sílé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi dí owó ìfẹ̀yìntì fún ọkọ Kùdírátù, ìyá ìsàlẹ̀ yìí; ọkọ náà ti dolóògbé báyìí. Òkè ni Job rà lóṣù kẹta ọdún yìí. Owó tí wọ́n san lórí fúláàtì gbígbó yẹn tó kọ́ ilé tuntun sí Abúlé Ẹ̀gbá, ibi tí tọkọtaya náà forí pamọ́ sí lọ́dọ̀ àbúrò Job látìgbà tí wọ́n ti ṣí òrùlé. Kò sí ẹni tó máa san irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Òfurufú ni wọ́n rà.

"Bàbá Ìlérí, ẹ má wo bó ṣe gbó," bẹ́ẹ̀ ni Olúgbénró ajẹ́ǹtì wí lọ́jọ́ tó mú wọn wá wò ó. "Ẹ wo òkè ẹ̀. Àjà méjì ṣì máa gùn ún láìjanpata. Fúláàtì kékeré mẹ́rin, méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan, lẹ máa fi háyà. Ìjọba alágbádá ti dé, owó ilé ń fò lójoojúmọ́, ẹni tó bá yára ni Ògún ń gbè!"

Ká má purọ́, Fọláyọ̀ náà fẹ́ ẹ. Tíṣà ni, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún dín mẹ́rin mí ẹfun pátákó sínú. Lóru ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, ó ń ka iye tí ayálégbé mẹ́rin máa san lọ́dún, ó sì rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ohun tó ń bí i nínú jù lónìí nìyẹn.

Olúgbénró tó jẹ́ ajẹ́ǹtì lóṣù kẹta ti di ẹnjiníà kó tó di oṣù kẹjọ. Kò sí ẹni tó mọ iléèwé tó kàwé sí láàárín oṣù márùn-ún yẹn. Akoto funfun kan ló ṣáà dé orí rẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń kí i ní "Ẹnjiníà". Òun ló ní kí wọ́n to òpó bámbù kún inú fúláàtì òkè, bí ọgọ́rùn-ún, láti gbé pákó tí wọ́n máa da kọnkéré lé. Ilẹ̀ fúláàtì òkè ni gbogbo òpó náà fẹsẹ̀ tẹ̀. Ilẹ̀ yẹn náà sì ni àjà tó wà lórí Kùdírátù, lórí Khàdíjàt ọmọ rẹ̀ tó wá tọ́jú ara lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àti lórí ìkókó ọjọ́ méjìlá. Wọn ò bèèrè lọ́wọ́ Kùdírátù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Job gbé páálí móòtì kan lọ fún un, ó ní kó máa bá wọn yọ̀.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ bí ọjọ́ dẹ́kìn ṣe ń rí. Àjà kọnkéré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, a kì í sì í da ìdajì rẹ̀ lónìí ká da ìyókù lọ́la, torí ibi tí tòní bá ti gan ò ní í mú ti ọ̀la dáadáa. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ parí. Nítorí náà, oúnjẹ ni wọ́n fi ń da dẹ́kìn. Onílé ló ń bọ́ àwọn lébìrà: ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀, ìrẹsì ẹlẹ́ran lọ́sàn-án. Bí ìrẹsì bá pẹ́, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí ẹran bá kéré, àwọn kan á sọ pé ẹ̀yìn ń ro àwọn. Job mọ èyí, ó sì ti kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti alẹ́ àná pé kó má dójú ti òun.

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìlérí!" Adébísọ́lá, obìnrin ilé kejì, ti gbé àpótí jókòó lábẹ́ igi furútù tó wà lódìkejì gọ́tà. "Ẹ̀yin lẹ rí ilé rà. A ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, a ò mọ̀ pé owó wà lórí ẹ̀."

"Ọlọ́run á ṣe tiyín náà, mà."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìlérí, ògiri yín tó kọjú sí wa ti là o. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀."

Fọláyọ̀ lọ wò ó. Ó rí àpá sìmẹ́ńtì tútù gbọọrọ tí wọ́n fi dí i. Wọ́n ti dí i láàárọ̀ yìí gan-an, kí ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́ má baà rí i.

Wọ́n kàn dá ara wọn lágara lásán ni. Ọkùnrin náà dé ní agogo mẹ́wàá, wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi furútù, orí àga náà ló sì ti yẹ ilé wò. Ó bèèrè bóyá ìrẹsì ti jinná. Wọ́n bu ti orí iná fún un sínú kúlà, wọ́n to ẹran lé e lórí, Olúgbénró sìn ín dé ìdí mọ́tò pẹ̀lú àpòòwé kan lábẹ́ abíyá. Ó fọwọ́ sí ìwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilé tó fọwọ́ sí yìí, kò tẹ àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ṣoṣo.

Láti aago mẹ́jọ ni Wahab, ọ̀gá bíríkìlà, ti ń darí àwọn lébìrà mọ́kàndínlógún. Wọ́n ń po, wọ́n ń bù, wọ́n ń gbé páànù gba àtẹ̀gùn lọ, wọ́n ń sáré sọ̀kalẹ̀, orin sì wà lẹ́nu wọn. Job dúró lókè pẹ̀lú ṣòkòtò ìmúròde tí sìmẹ́ńtì ti ta sí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí aago kan fi máa lù, wọ́n ti dà á kọjá ìdajì.

Ìgbà yẹn ni Kùdírátù jáde sí àgbàlá. Kò pariwo. Arúgbó tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpópó bó bá ń pe oní-mọ́ínmọ́ín, ó wá rọra fa aṣọ Fọláyọ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá Ìlérí, wá bá mi wò ó."

Ilẹ̀kùn tí Àlàmú fá láàárọ̀ ti tún há, Khàdíjàt àti ọmọ rẹ̀ sì wà nínú yàrá. Wọ́n jọ tì í, kò mì. Fọláyọ̀ gbójú sókè, ó fi ìka wọn ibi tí wọ́n ti fá kúrò lórí ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fá a, ìka méjì gbáko ti lọ. Síbẹ̀, àtẹ́rígbà ti tún lé ilẹ̀kùn bá, ó gùn ún lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé pákó ti ń tú fọ́ńrán. Ilẹ̀kùn ò ga rárá. Àtẹ́rígbà ló ń sọ̀kalẹ̀. Ilé náà ti ń wólẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káfíńtà ni wọ́n sì ń pè sí i.

"Khàdíjàt!"

"Mà! Iyanrìn ń dà sí wa lórí níbí, mà."

Fèrèsé yàrá náà ní irin olè. Fọláyọ̀ àti Kùdírátù yọ gíláàsì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Khàdíjàt fi ìró wé ọmọ, ó sì rọra na ọmọ náà jáde ní àárín irin méjì. Ọmọ ọjọ́ méjìlá gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá rẹ̀ ò lè gbà. Ó di irin mú, ó ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níta.

Fọláyọ̀ gba àtẹ̀gùn lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Bàbá Ìlérí, ẹ dá wọn dúró! Àjà ìsàlẹ̀ ń já bọ̀. Khàdíjàt há mọ́ yàrá."

Job wo àyíká rẹ̀ bóyá àwọn lébìrà gbọ́. "Rọra sọ̀rọ̀. Àlàmú ńkọ́? Kó tún un fá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Kò sí ohun tó kù láti fá! Ẹ wá wò ó."

"Màdáámù," Olúgbénró dá sí i, ó gbé akoto rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, "ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń jókòó dáadáa kó tó fara mọ́ ẹrù. Ìjókòó ló ń jókòó yẹn."

"Ó ń jókòó lé ta lórí?"

Olúgbénró fa fóònù alágbèéká rẹ̀ tuntun yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Job fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fọláyọ̀, gbọ́ mi. Owó kọpuréétìfù èmi àtìwọ ló wà níwájú rẹ yìí. Ọdún méje la máa fi san án. Tí a bá dúró báyìí, gbogbo ẹ̀ á gan, ó parí, òkúta la rà. Wákàtí méjì ló kù. Wákàtí méjì! Ilé tó ti dúró láti ìgbà yìí, ṣé òní ló kù tó máa wó?"

"Bó bá wó lónìí ńkọ́?"

"Kò ní wó."

"Ta ló sọ fún yín?"

Job yíjú sí Olúgbénró. Olúgbénró ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń pariwo sínú fóònù pé òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Job dá ojú padà sí àwọn lébìrà. "Ẹ yá! Ẹ gbé páànù ńlẹ̀!" Páànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láàárín tọkọtaya náà.

Fọláyọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìrẹsì ti jinná, ọbẹ̀ ata ti ki, ẹran ti rọ̀. Ó fi aṣọ di ìkòkò mú, ó ní kí Adébísọ́lá bá òun gbé e létí kejì, wọ́n gbé e kọjá gọ́tà, wọ́n gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi furútù. Ó padà lọ gbé ọbẹ̀, ó padà lọ gbé abọ́. Lẹ́yìn náà ni Fọláyọ̀, tíṣà tó ti fi ohùn kan ṣoṣo pa kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ lẹ́nu mọ́, wá kọjú sí òkè.

"Oúnjẹ ti délẹ̀ o! Ìhín ni mo ti ń bù ú. Ẹni tó bá ní òun ń jẹ, kó sọ̀kalẹ̀ báyìí. Bí mo bá bo ìkòkò yìí, mi ò ní ṣí i mọ́!"

Páànù kan dúró láàárín àtẹ̀gùn. Èkejì dúró tì í.

"Kò tíì yá!" Job ké. "Ẹ parí iṣẹ́ ná! Ẹ̀yìn iṣẹ́ lẹ máa jẹun!"

"Ọ̀gá, hunger dey o," ohùn kan dáhùn, ẹ̀rín sì sọ. Láti aago méje ni wọ́n ti jẹ ẹ̀wà. Òórùn ẹran ti gòkè bá wọn. Ọ̀kan ju páànù sílẹ̀, ni mẹ́ta bá tẹ̀ lé e, ni gbogbo wọn bá ń ya bọ̀, mọ́kàndínlógún, wọ́n fo gọ́tà, wọ́n tò sídìí ìkòkò. Fọláyọ̀ ń bu ìrẹsì, ó ń ka orí wọn bó ṣe ń ka ọmọ iléèwé nígbà tí wọ́n bá ń sọdá títì.

Wahab ló kẹ́yìn. Ọwọ́ Fọláyọ̀ ṣì wà nínú ìkòkò nígbà tó wí fún un pé, "Ọ̀gá Wahab, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi wo ilẹ̀kùn kan."

Ó lọ. Kò pẹ́ kó tó wò ó tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, ó na etí sí i, ló bá sáré jáde. Òpó bámbù mẹ́rin ló kó láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gún wọn mọ́ abẹ́ àtẹ́rígbà, ó fi pákó há wọn le, kó tó gbà kí Àlàmú fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ya, ògiri dún kẹ̀kẹ̀. Gbogbo ọwọ́ tó ń jẹ ìrẹsì lábẹ́ igi dúró. Khàdíjàt fi eékún rákò jáde, ara rẹ̀ funfun fún iyanrìn àti ẹfun ògiri láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọjá lára gbogbo wọn, ó lọ gba ọmọ rẹ̀.

Job ti sọ̀kalẹ̀ báyìí. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tó fọ́ náà.

"Bàbá Ìlérí," Kùdírátù ní, ohùn rẹ̀ tutù jọjọ, "ẹ gbé móòtì wá fún mi, mo mu ún. Mo ṣàdúrà fún yín. Mi ò mọ̀ pé móòtì ìsìnkú mi ni mò ń mu."

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo san owó káfíńtà..."

"Ẹ san án."

Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀.

Job yíjú sí Wahab. "Ó dáa, obìnrin náà ti jáde. Ìsàlẹ̀ ti ṣófo. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, kó má gan mọ́ wa lọ́wọ́. Mo máa fi kún owó yín."

Wahab bu omi, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó ṣan ẹsẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀. "Ọ̀gá, mo ní ìyàwó, mo bí mẹ́rin. Ìrẹsì yín dùn. Mi ò gòkè ibẹ̀ mọ́."

"Ẹnjiníà dà? Ẹnjiníà!"

Wọ́n wò káàkiri. Orí àga abẹ́ igi furútù, níbi tí ọkùnrin ọ́fíìsì jókòó sí láàárọ̀, akoto funfun ló wà níbẹ̀. Adébísọ́lá ní òun rí ẹni tó ni ín tó gun ọ̀kadà lọ lápá Onígbòǹgbò, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

Nígbà náà ni Job ṣe ohun tí àdúgbò ò ní í gbàgbé. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì, ó bu kọnkéré kún páànù, ó gbé e rù fúnra rẹ̀, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí í gbé báàgì awọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó da á, ó sọ̀kalẹ̀, ó bu òmíràn. Àwọn lébìrà ń wò ó pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń wò?" ó ké sí wọn ní ìgbà kẹta. "Ẹ ò rí ẹni tó ń kọ́lé rí?"

Arúgbó nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára ọmọ tó wà láyà Khàdíjàt. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Ìlérí, o ti gba tọmọ là. Ọkọ rẹ ló kù yẹn o."

Inú ń bí Fọláyọ̀ débi pé eyín rẹ̀ ń dùn ún. Inú ń bí i sí Olúgbénró, sí ọkùnrin tó fọwọ́ síwèé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sí ilé iṣẹ́ tó fi ògiri dí owó òógùn ọkọ Kùdírátù tó ti dolóògbé. Ó ń bí i sí ara rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín lóru. Ṣùgbọ́n ó bu ìrẹsì sínú abọ́ tí ó yọ sọ́tọ̀ fún onílé, ó to ẹran mẹ́rin tó tóbi jù lé e, ó fo gọ́tà padà, ó sì lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn náà tóóró. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti dí i pa.

Job yọ pẹ̀lú páànù lórí. Omi sìmẹ́ńtì ń ṣàn bá a lójú.

"Dìde níbẹ̀."

"Oúnjẹ yín rèé."

"Fọláyọ̀, mo ní kí o dìde. Ó ń gan!"

Kò dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá tó ṣófo, òpó bámbù tí Wahab gún mọ́ àtẹ́rígbà dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Tí ẹ bá ń lọ, ẹ gba orí mi kọjá," ó ní. "Ilé wa náà kúkú ni. Ó tọ́ kó wó lé àwa tí a rà á."

Job wo abọ́ ìrẹsì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo òkè. Kò gbé páànù náà kalẹ̀, kò sì kọjá. Ó dúró síbẹ̀, kọnkéré orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le.